Ipa Tí Mímú-Ara-Tutù Kó nínú Ìtàn Iṣẹ́-Abẹ Inú Ọkàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 1964 sí 1989

1. Ìfáárà

Bí a bá bi àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìṣègùn òyìnbó ní ilẹ̀ wa léèrè ọdún tí a kọ́kọ́ la ọkàn ènìyàn alààyè láti tún inú rẹ̀ ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 1974 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn, Enugu sì ni ìlú tí wọn yóò dárúkọ. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1974, ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́-ìṣègùn ti Yunifásítì Nàìjíríà tí ó wà ní Enugu, ni Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan kọ́ ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1964, ọdún 10 ṣáájú ti Enugu, àwọn oníṣẹ́-abẹ tí Charles Odamtten Easmon jẹ́ aṣíwájú fún ti la ọkàn aláìsàn kan ní Accra, wọ́n sì ti dí ihò tí a bí mọ́ ọn. Wọn kò lo ẹ̀rọ tí ó máa ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù ni wọ́n lò: wọ́n mú ara aláìsàn náà tutù láti òde títí ọpọlọ rẹ̀ fi lè fara da àìrí ẹ̀jẹ̀ gbà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ náà gbà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti bèèrè ìdí tí ọdún 1964 fi máa ń bọ́ sọnù nínú ìtàn náà, àti ohun tí ó yí padà nínú òye wa bí a bá dá a padà sí àyè rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ bá Enugu du ipò. Ìjà ta-ni-ó-kọ́kọ́-ṣe-é ti gba àkókò àwa òpìtàn ju bí ó ti yẹ lọ. Èrò wa ni pé ọdún tí a bá yàn gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń fi ohun tí a gbà pé ó ṣe pàtàkì hàn. Ẹni tí ó bá ní 1974 ni ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń kà. Ẹni tí ó bá ń ka ẹ̀rọ kò ní pẹ́ gbà pé àìsí ẹ̀rọ ni ó pa àwọn ọmọ wa, èyí tí a kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀.

2. Àlèébù tí a bí mọ́ ọkàn

Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ògiri kan ni ó pààlà sáàárín apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti ibẹ̀ dé. Nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, nǹkan bí 8 ni ọkàn wọn máa ń ní àlèébù kan tàbí òmíràn. Nínú àwọn kan ihò wà lára ògiri náà. Nínú àwọn mìíràn fáàfù kan ti fún jù. Nínú àwọn mìíràn àlèébù mẹ́rin ni ó para pọ̀ sójú kan. Ọmọ tí irú èyí tí ó le bá ń bá jà a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá ń mu ọmú, kì í tètè dàgbà, ètè àti èékánná rẹ̀ sì lè dúdú bí ẹni fi aró kùn ún. Ní agbègbè Lásunwọ̀n, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, tí ìyá rẹ̀ sì ti sin òmíràn ṣáájú, kò ṣòro kí a pè é ní àbíkú. (A kò sọ pé àlèébù ọkàn ni àbíkú, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn sábà máa ń so mọ́ orúkọ náà, wọ́n sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo lè bo ikú oríṣiríṣi mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí òpìtàn rántí èyí nígbà tí ó bá ń wá àwọn ọmọ tí ọkàn pa nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu.)

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ kí a pín iṣẹ́-abẹ ọkàn sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni èyí tí a ó pè ní iṣẹ́-abẹ òde ọkàn, nínú èyí tí oníṣẹ́-abẹ kò ní la ọkàn fúnra rẹ̀. Irú èyí ni Robert Gross ṣe ní Boston ní Amẹ́ríkà ní 1938, nígbà tí ó so òpó ẹ̀jẹ̀ kan tí ó yẹ kí ó ti pa dé lẹ́yìn ìbí ọmọ. Ọkàn ń lù ní gbogbo àkókò náà. Èkejì ni iṣẹ́-abẹ inú ọkàn: a ó la ọkàn, a ó wo inú rẹ̀, a ó rán ibi tí ó lu. Èyí ni ó nira. Bí a bá la ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, oníṣẹ́-abẹ kò ní rí ohunkóhun àfi ẹ̀jẹ̀, aláìsàn yóò sì kú sórí tábìlì. Bí a bá sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí a lè ríran, ọpọlọ kì í lè fara dà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ nígbà tí ara bá gbóná bí ó ti yẹ, ní 37°C. Kò sí oníṣẹ́-abẹ tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀.

3. Òtútù gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá àti gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́

Ojú méjì ni èdè wa fi ń wo ìtutù. A máa ń gbàdúrà pé kí ilé tutù kí ọ̀nà tutù, a máa ń bẹ orí pé kí ó tutù. Bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń sọ nípa ẹni tí ó ti kú pé ara rẹ̀ ti tutù. Ìtutù tí à ń tọrọ kì í ṣe ti ara. Ti ara, ikú ni. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó fojú kékeré wo ìgboyà ẹni tí ó kọ́kọ́ rò pé a lè mú ọmọ alààyè, kí a tẹ́ ẹ sínú yìnyín, kí a sì torí bẹ́ẹ̀ gbà á là.

Ohun tí ó wà nídìí èrò náà kò ṣàjèjì sí ará Lásunwọ̀n. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ẹja tí a kó sínú yìnyín kì í tètè rà. Gbogbo iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ìbáà ṣe ti alààyè tàbí ti ohun tí ó ń bàjẹ́, ni òtútù máa ń fà sẹ́yìn. Bí ooru ara bá fi nǹkan bí 10°C lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara nílò yóò dín kù tó ìdajì. Nítorí náà, ọpọlọ tí ó fẹ́ kú ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 37°C lè dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní 30°C. Ibẹ̀ ni àpèjúwe ẹja dópin o, nítorí ẹja ti kú, kò sì ní ọkàn tí ń lù tí òtútù lè dà rú.

Wilfred Bigelow ti ìlú Toronto ní Kánádà ni ó mú èrò yìí wọ inú ìmọ̀ iṣẹ́-abẹ ọkàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ti ń ṣe ìwádìí lórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí òtútù ti pa. Ní 1950 ni ó gbé àbájáde ìdánwò tí ó ṣe lára àwọn ajá síwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ Amẹ́ríkà. Ó ti mú ara àwọn ajá náà tutù dé 20°C, ó ti dá ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dúró, àwọn kan nínú wọn sì yè é. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, ní Yunifásítì Minnesota, F. John Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà náà fún ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tí ihò wà láàárín yàrá òkè méjèèjì ọkàn rẹ̀. Wọ́n mú ara rẹ̀ tutù dé 28°C, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀, wọ́n rán ihò náà, wọ́n sì fi omi gbígbóná mú un padà bọ̀ sípò. Ọmọ náà yè. Èyí ni iṣẹ́-abẹ inú ọkàn àkọ́kọ́ tí ojú oníṣẹ́-abẹ ti rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe tí ó sì yọrí sí rere.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, ni John Gibbon tó lo ẹ̀rọ ọkàn-àti-ẹ̀dọ̀fóró fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan ní Philadelphia, irú ihò kan náà ni ó sì dí. Nítorí náà, ní ilẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀, òtútù ni ó ṣáájú ẹ̀rọ. Kò sí òpìtàn ìṣègùn kan tí ó tó ẹni tí à ń kà ní Amẹ́ríkà tí yóò sọ pé iṣẹ́ Lewis kì í ṣe iṣẹ́-abẹ inú ọkàn nítorí pé kò lo ẹ̀rọ. Kí ló wá dé tí a fi ń lo òṣùwọ̀n mìíràn fún Accra?

4. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé iṣẹ́ àwọn aláìní ni, tí a ṣe nítorí pé kò sí ohun tí ó sàn jù.

Dókítà tí ó ń kun ènìyàn lóorun ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, òun náà ni yóò sì ṣe ìkẹyìn. Ara tí ó bá ń tutù a máa gbọ̀n kí ó lè mú ooru jáde, gbígbọ̀n yìí ni ó sì gbọ́dọ̀ fi oògùn pa. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ́ aláìsàn sínú ọpọ́n omi yìnyín tàbí kí wọn fi aṣọ tí omi tútù ń ṣàn nínú rẹ̀ wé e. Wọn yóò fi ohun ìwọnooru sí ọ̀nà ọ̀fun tàbí ihò ìdí rẹ̀. Wọn kò ní dúró kí ooru ara dé ibi tí wọ́n ń lọ kí wọn tó gbé e kúrò nínú yìnyín, nítorí pé ara kò ní yé tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: awọ ara ti tutù ju inú lọ, ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ yóò tún fa ooru inú wálẹ̀ ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹni tí ó bá ṣèṣirò yìí tì, tí ooru ara sì lọ sí ìsàlẹ̀ 28°C, inú ewu ni ó wà. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ọkàn lè ṣíwọ́ lílù, kí ó máa gbọ̀n wìnnìwìnnì bí àpò tí eku wà nínú rẹ̀, tí kò sì ní lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ síbì kan.

Nígbà tí wọ́n bá ti nu aláìsàn gbẹ ni wọn yóò la àyà rẹ̀. Oníṣẹ́-abẹ yóò ti fi okùn yí iṣan ńlá méjèèjì tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sínú ọkàn ká, ṣùgbọ́n kò tíì ní fà á. Bí gbogbo nǹkan bá ti wà ní sẹpẹ́, yóò fa okùn náà, ọkàn yóò sì sófo láàárín ìlù díẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, aago ni ọ̀gá. Yóò la ògiri ọkàn, yóò wá ihò náà, yóò rán an, yóò da omi iyọ̀ kún inú ọkàn kí afẹ́fẹ́ má baà ṣẹ́ kù síbẹ̀ kí ó sì lọ pa ọpọlọ, yóò pa ojú ọgbẹ́ dé, yóò sì tú okùn. Gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí ó bá la ọkàn tán tí ó bá ohun mìíràn pàdé tí kò retí, kò sí àyè àtúnrò.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí kò fi lè wo gbogbo àlèébù. Ihò àárín yàrá òkè ni ó bá a mu jù, àti fáàfù tí ó fún ní ojú ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ihò àárín yàrá ìsàlẹ̀ àti àlèébù onímẹ́rin gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, mímọ irú àlèébù tí aláìsàn ní kí a tó la àyà rẹ̀ ṣe pàtàkì ju yìnyín lọ, ní ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń fi ìró yàwòrán ọkàn gẹ́gẹ́ bí ti òde òní. Ẹni tí ó bá fi òtútù ṣe iṣẹ́-abẹ inú ọkàn tí aláìsàn sì yè, ó ti fi hàn pé àwọn tí ó mọ àyẹ̀wò ọkàn wà lọ́dọ̀ òun, àwọn tí ó mọ̀ nípa oògùn oorun wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìpamọ́ wà, nọ́ọ̀sì tí ó lè ṣọ́ aláìsàn láti òru mọ́jú sì wà.

5. Accra, 1964

Easmon kì í ṣe ẹni tí ó ṣèèṣì kó sínú iṣẹ́ náà. Ìdílé oníṣègùn ni ó ti wá. John Farrell Easmon tí ó kọ ìwé lórí ibà a-máa-tọ̀-dúdú ní 1884, tí ó sì di olórí àwọn dókítà ìjọba ní Gold Coast, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá ìdílé náà, láti Freetown ni wọ́n sì ti wá, àwọn ènìyàn kan náà tí ó bí àwọn Sàró tí a mọ̀ ní Èkó. Charles Odamtten Easmon, tí a bí ní 1913, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, òun sì ni ọmọ Gánà àkọ́kọ́ tí ó di ògbóǹtarìgì oníṣẹ́-abẹ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Gánà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, òun ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún kan náà ni iṣẹ́-abẹ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wáyé. A kò rò pé ó ṣe déédéé bọ́ sí i. Ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1957, tí ó sì fẹ́ máa kọ́ àwọn dókítà rẹ̀ nílé, ní láti fi hàn ara rẹ̀ àti fún àwọn tí ó ń wò ó pé kò sí yàrá kan nínú ilé ìṣègùn tí òun kò lè wọ̀.

Ihò àárín yàrá òkè ni àlèébù tí Easmon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn. Irú èyí kan náà ni Lewis yàn ní 1952. Ìyàn yìí fi hàn pé wọ́n mọ ibi tí agbára ọ̀nà náà mọ. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe àṣehàn lásán ì bá ti yan èyí tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kì í ṣe àṣà. Lẹ́yìn 1964, iṣẹ́-abẹ òde ọkàn ni ó kù tí a ń ṣe ní Accra. Iṣẹ́ inú ọkàn kò di ohun ojoojúmọ́ níbẹ̀ títí di 1989, nígbà tí Kwabena Frimpong-Boateng, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ náà ní Hannover ní Jámánì, padà sílé tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ibùdó iṣẹ́-abẹ ọkàn ní Korle Bu. Ọdún 25 ni ó wà láàárín. Ọmọ tí a bí ní Accra pẹ̀lú ihò kan náà ní 1965 lè ti dàgbà, kí ó ṣe ìgbéyàwó, kí ọkàn rẹ̀ sì ti rẹ̀ kí ọ̀nà náà tó tún ṣí.

6. Ẹ̀rọ kò yọni nínú rẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé àìsí ẹ̀rọ ni ó fà á, ó yẹ kí ìtàn Enugu yàtọ̀, nítorí ẹ̀rọ wà ní Enugu. Ṣùgbọ́n láàárín 1974 àti 2000, nǹkan bí 100 péré ni iye aláìsàn tí a ṣe iṣẹ́-abẹ inú ọkàn fún níbẹ̀. Bí a bá pín in sí ọdún, kò ju mẹ́rin lọ́dún kan lọ. Àwọn ohun tí a ń fi sínú ẹ̀rọ náà tí a sì ń sọ nù lẹ́yìn ìlò kan ṣoṣo, òkèèrè ni a ti ń rà wọ́n pẹ̀lú owó òkèèrè; nígbà tí náírà sì wó lẹ́yìn 1986, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní epo.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ibòmíràn. Ní Novosibirsk, ní àárín gbùngbùn Siberia, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwòsàn tí Evgeny Meshalkin dá sílẹ̀ ní 1957 fi òtútù láìlo ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́-abẹ inú ọkàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn ìlú ńlá mìíràn ti pa ọ̀nà náà tì. Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀kọ́: wọ́n kọ́ àwọn dókítà oorun nínú rẹ̀, wọ́n mú un lọ sí ìwọ̀n tí ó tutù sí i, àkókò tí wọ́n ní láti fi ṣiṣẹ́ sì gùn sí i. Yìnyín kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ṣe é lónìí yóò tún ṣe é ní ọ̀la, ẹni tí ó sì wò ó lónìí ni yóò ṣe é ní ọdún tí ń bọ̀.

A kò gbọ́dọ̀ torí èyí sọ òtútù di òrìṣà. Ó ní iye tí ó ń gbà. Nígbà tí Brian Barratt-Boyes ní Auckland, àti àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Japan ṣáájú rẹ̀, mú ara àwọn ọmọ-ọwọ́ tutù gan-an ní àwọn ọdún 1960 dé 1970, tí wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró pátápátá fún ìgbà tí ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gba àwọn ọmọ tí ì bá ti kú là. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a gbé jáde ní Boston ní 1993 fi hàn pé gìrì máa ń mú àwọn ọmọ-ọwọ́ tí a dá ẹ̀jẹ̀ wọn dúró báyìí lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, ju àwọn tí ẹ̀rọ ń fún ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, àpapọ̀ ẹ̀rọ àti òtútù ni ọ̀pọ̀ ń lò: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ tutù, tí ó sì tún ń mú un gbóná. Ọpọ́n yìnyín ti kúrò nílẹ̀. Òtútù kò kúrò.

7. Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ó ku ohun kan. Ohun tí ó mú kí a lè fo 1964 dá wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkàn tí a là ni orúkọ náà ń sọ, kò mẹ́nu kan ẹ̀rọ rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ti di ohun gbogbogbòò, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà pe iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ ṣe nìkan. Ọ̀rọ̀ ti yí, ọdún sì tẹ̀lé e. Nígbà tí a bá wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, tí a kọ ọ́ ní “iṣẹ́-abẹ ọkàn tí a fi ẹ̀rọ ṣe”, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn, a ti kọ̀wé lé Accra jáde láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi dábàá “iṣẹ́-abẹ inú ọkàn” ní òkè, nítorí pé ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́-abẹ dé ni ó sọ, kì í ṣe ohun èlò tí ó gbé lọ́wọ́.

Láti 1989 ni àwọn aláìsàn ọkàn láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí Gánà ká, Nàìjíríà pẹ̀lú, ti ń gba Korle Bu lọ, àwọn oníṣẹ́-abẹ wa kan sì ti lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Òbí tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní Ìkòròdú lọ sí Accra yóò kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, yóò gba ilẹ̀ Benin àti Togo, kí ó tó dé ìlú tí a ti dí irú ihò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní apá ibi tí a wà yìí, ọdún 25 ṣáájú kí ibùdó náà tó ṣílẹ̀kùn.